Ìkòkò Tí Wọ́n Dé Sórí Àárò Àwẹ̀ró

Ní ìlú Ìjámọ̀, àwọn obìnrin kì í jókòó mọ ìkòkò. Ìkòkò ni yóò dúró sójú kan, ènìyàn ni yóò máa yí i ká. Wọn a dojú ògbólógbòó ìkòkò kan délẹ̀, wọn a tẹ́ amọ̀ lé e ní ìdí, amọ̀kòkò a wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a máa fi ẹ̀yìn rìn yípo-yípo, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní kúrò lára amọ̀ títí yóò fi jọ̀lọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun. Àwọn ọkùnrin ìlú a máa ṣẹ̀fẹ̀ pé obìnrin Ìjámọ̀ tó bá mọ ogún ìkòkò ti rìn dé ìpẹ̀kun ayé, kò sì tíì kúrò ní ẹ̀yìnkùlé ọkọ rẹ̀.

Nínú gbogbo wọn, ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró ló yá jù. Látúnjí ọkọ rẹ̀, tó ń dá oko iṣu, a máa fi í yangàn láàárín ẹgbẹ́. Ọmọ méjì ni Ọlọ́run fún wọn: Dúródọlá, ọmọbìnrin tó ti pé ọdún márùn-ún, àti Àkànjí, ọmọ ọwọ́. Ní ọjọ́ kan nígbà òjò, ara Àkànjí gbóná láàárọ̀. Wọ́n fún un ní àgbo, ara náà sì rọ̀. Ní ọ̀sán, Àwẹ̀ró pọ̀n ọ́n, ó lọ sídìí iṣẹ́, ó ń kọrin sí i lábẹ́lẹ̀ bó ti ń fi ẹ̀yìn rìn. Oorun gbé ọmọ lọ. Nígbà tí Àwẹ̀ró parí ọrùn ìkòkò náà, tó tú ọ̀já láti fún un lọ́mú, ọmọ ti kú.

Láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ iṣẹ́. Bó bá dúró ti ìkòkò, tó fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, orúnkún rẹ̀ a gan, òógùn a bò ó. Nígbà tó yá, kókósẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó di ẹni tí wọ́n ń fà lọ́wọ́ dìde. Oṣù méje gbáko ló fi jókòó sórí ẹní kan ní igun yàrá, tó ń wo ògiri.

Ìyá Látúnjí, ìyá ọkọ rẹ̀, kò fi í sílẹ̀. Ẹnu obìnrin náà mú bí abẹ, ṣùgbọ́n òun náà ló ń se omi ewé, tó ń fi aṣọ gbígbóná tẹ ẹsẹ̀ náà ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́.

"Àwẹ̀ró," ló máa ń sọ bó ti ń tẹ̀ ẹ́, "ibi tí o jókòó sí yìí ti fẹ́ gba àwòrán ìdí rẹ. Bí o bá dìde lọ́la, a ó máa gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀."

Àwẹ̀ró a rẹ́rìn-ín díẹ̀, yóò sì tún yíjú sí ògiri.

Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dáwọ́ dúró tí iṣu tuntun ti wọlé, àwọn ará Ìjámọ̀ kan a máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ìlú Ìdóòkè, níbi tí omi kan ti ń sun láti inú àpáta. Àtòkèwá ni wọ́n ń pe omi náà. Ìrìn ọjọ́ mẹ́fà ni. Èèwọ̀ rẹ̀ ni pé aláìsàn kò gbọdọ̀ gun ẹṣin, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pọ̀n ọ́n. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò gbé e débẹ̀.

Àṣà kan sì wà tí wọ́n ń ṣe sílé de ẹni tó bá lọ. Bó bá jẹ́ obìnrin, ọjọ́ tí oṣù bá lé ni yóò gbéra. Kó tó jáde, yóò pa iná àárò rẹ̀, yóò mú ìkòkò kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ, yóò dojú rẹ̀ dé orí àárò náà. Kò sí ẹni tí yóò dáná níbẹ̀ mọ́ títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi padà wá ṣí i. Ṣùgbọ́n bí oṣù tó rí ìjáde rẹ̀ bá wọ̀ọ̀kùn, tí wọ́n jí láàárọ̀ tí wọn kò rí i lójú ọ̀run mọ́, tí onílé kò sì dé, wọn yóò gbé ìkòkò náà lọ sí oríta, wọn yóò fọ́ ọ. Àárò náà ti kú nìyẹn. Onítọ̀hún kò gbọdọ̀ gba ẹnu ọ̀nà ilé náà wọlé mọ́ láéláé, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì lọ jẹun nídìí àárò ẹlòmíràn. Òfin náà le, ṣùgbọ́n ó nídìí. Wọ́n ní láyé àtijọ́, àárò kan tutù ní Ìjámọ̀ fún ọdún mẹ́ta, ọkọ ń retí, ọmọ ń tọrọ oúnjẹ láti ojúlé dé ojúlé, onílé kò sì wá.

Ìyá Látúnjí ló sọ ọ́ jáde ní ọjọ́ kan pé, "Àwẹ̀ró yóò lọ sí Àtòkèwá."

"Ìyá mi," ni Látúnjí wí, "ẹni tí kò lè rìn dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé?"

"Bó bá kú sọ́nà, wọn á ní ó kú sọ́nà. Ṣé kó kú síbi ògiri ló dára lójú tìrẹ?"

Bàbá Ògúndèyí ló máa ń ṣáájú àwọn arìnrìn-àjò náà. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì gbẹ bí igi oko. Nígbà tó wá wo Àwẹ̀ró, ó fi ìka tẹ ẹsẹ̀ wíwú náà, ó mi orí.

"Ẹsẹ̀ rẹ ò kú, ọmọ mi. Ó ń sùn ni. Ẹni tó ń sùn, ariwo la fi ń jí i. Ẹsẹ̀ tó ń sùn, ilẹ̀ ni yóò jí i."

Ní òwúrọ̀ tí oṣù tuntun ti lé, Àwẹ̀ró pa iná. Ìkòkò tó mú ni èyí tó mọ gbẹ̀yìn kí àìsàn tó dé, tí àmì rẹ̀ wà létí rẹ̀: èékánná mẹ́ta tí ó tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó dojú rẹ̀ dé orí àárò. Dúródọlá dúró tì í, ó ń jẹ ìka.

"Màámi, ìgbà wo lẹ ń bọ̀?"

"Oṣù yóò tóbi, yóò tún kéré. Kó tó lọ, màá ti dé."

"Ṣé kí n máa ṣọ́ ìkòkò?"

"Máa ṣọ́ ọ."

Látúnjí sìn ín dé oríta. Ó kàn ní, "Ìyá Dúró, má dá mi dá ọmọ yẹn o," ó sì yíjú padà kíá.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹkún ni Àwẹ̀ró fi rìn ín. Ó rìn díẹ̀, ó jókòó. Ó rìn díẹ̀, ó di igi mú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró dè é láìbínú. Ọjọ́ kejì, kò tíì yàtọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó ṣàkíyèsí nǹkan kan: ìgbà tó bá jókòó ni ẹsẹ̀ ń ro ó jù, bó bá dìde tó ń lọ, ìrora náà a máa fà sẹ́yìn bí ajá tí wọ́n fi òkò lé. Lọ́jọ́ kẹrin, kókósẹ̀ rẹ̀ yọ padà. Lọ́jọ́ kárùn-ún, ó bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń kọrin. Ẹ̀rù bà á, ó dákẹ́, nítorí pé orin tó ń kọ fún Àkànjí lọ́jọ́ náà ni. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró, orin náà sì tún padà wá. Lọ́jọ́ kẹfà, òun ni wọ́n ń pariwo lé lórí pé kó rọra, kó má fi àwọn sílẹ̀.

Obìnrin àgbàlagbà kan ló ń tọ́jú orísun omi náà. Ìyá Olómi ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó bu omi fún Àwẹ̀ró nínú igbá. Àwẹ̀ró mu ún, ó fi ṣan ẹsẹ̀, ó dúró, ó ń retí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Kò sí ohun kan tó ṣẹlẹ̀. Omi tútù lásán ni.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀," ni Ìyá Olómi wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Omi ni. Gbogbo ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn débí ti sàn lọ́nà kó tó fẹnu kàn án."

Ó fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà ni, ṣùgbọ́n ó wọ Àwẹ̀ró lára bí ẹ̀gún. Ó rò ó títí ilẹ̀ fi ṣú. Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà ló wò ó sàn, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ọ̀nà bá tán? Ó rí ilé lọ́kàn ara rẹ̀: igun yàrá, ẹní, ẹ̀yìnkùlé, ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ níbi tó ti tú ọ̀já. Orúnkún rẹ̀ gan, ní ibi tó jókòó sí gan-an.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, àwọn ará Ìjámọ̀ múra láti padà. Àwẹ̀ró kò di ẹrù.

"Bàbá, ẹ máa lọ. Èmi á tẹ̀ lé yín lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀."

Bàbá Ògúndèyí wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Oṣù ò dúró de ẹnikẹ́ni o, Àwẹ̀ró."

"Mo mọ̀, bàbá. Ẹ sọ fún wọn pé mo ń bọ̀."

"N ó sọ ọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n 'mo ń bọ̀' kì í dáná sí àárò."

Wọ́n lọ. Àwẹ̀ró sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ní òwúrọ̀, ó pọnmi fún Ìyá Olómi. Ní ọ̀sán, ó yí òkè náà ká. Ní ìrọ̀lẹ́, ó tún yí i ká. Ó ń sin àwọn àlejò dé ọ̀nà, ó tún ń lọ pàdé àwọn tó ń bọ̀. Ara rẹ̀ dán. Oúnjẹ ń dùn lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ará Ìdóòkè fún un ní orúkọ, Arìnmárẹ̀. Wọ́n á ní, "Arìnmárẹ̀, ṣé o ti rin ti òní tán, tàbí ó ṣẹ́ kù sí ìsàlẹ̀ ìkòkò?" Yóò rẹ́rìn-ín títí. Ìyá Olómi fi yàrá kan hàn án, ó ní bó bá wù ú, tirẹ̀ ni.

Gbogbo èyí dùn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sinmi. Oṣù tóbi, ó kún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀ létí. Ní àràárọ̀, bó bá gbé ìṣà omi dání, kò ní fẹ́ gbójú sókè. Ojú rẹ̀ á sì lọ síbẹ̀ láìgba àṣẹ. Yóò ṣírò ọjọ́, yóò ní, "Ó ṣì pọ̀." Ọ̀la yóò tún ṣírò, yóò ní, "Ó ṣì tó." Nígbà tó di ọjọ́ tó kù díẹ̀ kó má tó mọ́, kò ṣírò mọ́, ó kàn ń rìn kíákíá jù ti tẹ́lẹ̀ ni.

Ìyá Olómi ń wò ó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó gba ìṣà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀.

"Jókòó. Má bẹ̀rù, ẹsẹ̀ rẹ ò ní wú kí n tó sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta." Ó na ọwọ́ sí ọ̀nà tó gba ìlà-oòrùn lọ. "Ìlú mi wà lápá ibẹ̀ yẹn. Àṣà tiyín náà ni tiwa. Mo fi ìkòkò dé àárò, mo rìn wá síbí, ara mi yá. Mo ní n ó lo ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ibí dùn ju ilé lọ. Ìwọ náà mọ̀ pé ó dùn."

"Ó dùn, Ìyá."

"Lọ́dún kẹwàá, mo ní kí n lọ wo ilé. Ọmọ mi, tó jẹ́ pé ó ń rá nígbà tí mo fi í sílẹ̀, bọ́ síta. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó bu omi fún mi. Ó ní, 'Ẹ kú ìrìn, ìyá. Ilé ta lẹ ń bèèrè?'"

Àwẹ̀ró kò lè gbójú sókè.

"Kí lẹ sọ?"

"Mo ní mo ṣìnà ni. Mo mu omi náà tán, mo dá igbá padà fún un, mo sì padà wá síbí." Ìyá Olómi gbé ìṣà rẹ̀ rù. "Ó kọ́ ọmọ náà dáadáa, ẹni tó tọ́ ọ."

Ọjọ́ méje ló kù kí oṣù wọ̀ọ̀kùn. Ìrìn ọjọ́ mẹ́fà ni. Àwẹ̀ró kò dúró jẹun àárọ̀. Kí oòrùn tó mú, ó ti fi Ìdóòkè sẹ́yìn.

Ìrìn lílọ àti ìrìn bíbọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ní lílọ, ó ń rin ìrora dànù. Ní bíbọ̀, ẹ̀rù ló rù, ó sì wúwo ju ẹrù orí lọ. Bó bá yára, yóò bi ara rẹ̀ pé, "Ṣé ibi ìrora ni mò ń sáré lọ yìí?" Bó bá rọra, yóò gbọ́ ohùn Dúródọlá: "Ẹ kú ìrìn, ìyá." Ara rẹ̀ a bu máṣọ, yóò tún yára. Àwọn tó bá pàdé lọ́nà a kí i, kò ní dúró kó tó dá wọn lóhùn.

Lọ́jọ́ kẹta, ó dé odò Àwàyè, tí ọlọ́kọ̀ tù wọ́n kọjá nígbà tí wọ́n ń lọ. Ọkọ̀ wà lẹ́bàá odò, ọlọ́kọ̀ kò sí. Wọ́n ní ó lọ sin àna rẹ̀, ó di ọ̀la. Àwẹ̀ró bẹ gbogbo ènìyàn, kò sí ẹni tó mọ ọkọ̀ tù. Ó wá ń lọ sókè sódò lẹ́bàá omi láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò jókòó. Ọkùnrin apẹja kan tó ń tún àwọ̀n ṣe wò ó títí.

"Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ fi ẹsẹ̀ gbẹ́ odò mìíràn ni?"

"Bó bá máa gbé mi délé, màá gbẹ́ ẹ," ni Àwẹ̀ró dá a lóhùn. Ọkùnrin náà rí i pé kì í ṣe ẹ̀fẹ̀, ó sì padà sídìí àwọ̀n rẹ̀.

Bí ọjọ́ kan ṣe lọ nìyẹn. Kò sí àlékún mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn, ó wà lórí òkè kékeré kan tí wọ́n ti ń wo Ìjámọ̀ lókèèrè. Ó wo ìlà-oòrùn. Oṣù ṣì wà níbẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ìpéǹpéjú. Ó fi ọwọ́ gbá àyà. "Ó ṣì kù," ló wí sókè. "Ó ṣì kù." Ó sọ̀kalẹ̀ òkè náà bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ohun tí kò rò ni èéfín. Àwọn àgbẹ̀ ti ń sungbó, ọyẹ́ sì ti kó èéfín náà bo gbogbo àfonífojì. Bó ti ń sún mọ́ ìlú ni ojú ọ̀run ń funfun, tí oòrùn pàápàá dà bí ẹyin inú omi ògì. Nígbà tó dé oríta lọ́sàn-án, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ nǹkan kan tó dún. Ó wolẹ̀. Àpáàdì ni. Ó mú ọ̀kan nínú wọn, ó yí i padà. Èékánná mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn létí rẹ̀.

Bàbá Ògúndèyí jókòó lábẹ́ igi odán tó wà níbẹ̀.

"Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó," ló wí. "Mo ní bóyá o wà lọ́nà."

"Bàbá, oṣù ò tíì wọ̀ọ̀kùn. Mo rí i láàárọ̀ yìí. Mo fi ojú mi rí i!"

"Àwa ò rí i. Èéfín ni gbogbo wa rí. Ọkọ rẹ ní kí wọ́n dúró di ọ̀la, àwọn àgbà ní òfin kò sọ̀rọ̀ èéfín. Ohun tí ojú ò bá rí, kò sí níbẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Mo gbà ọ́ gbọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ìkòkò tó ti fọ́ ò mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ tó wà ní Òdòògùn ti wá. Wọ́n ti di aṣọ Dúródọlá. Ọ̀la ni wọ́n ń gbé e lọ."

Àwẹ̀ró dúró. Bó bá jẹ́ ti tẹ́lẹ̀ ni, yóò ti jókòó sílẹ̀, ibẹ̀ ni wọn yóò sì ti gbé e. Orúnkún rẹ̀ gbọ̀n, kò gan. Ó tú gèlè rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àpáàdì sínú rẹ̀, èyí tó tóbi àti èyí tó rún, títí kò fi ku ọ̀kan nílẹ̀.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" ni Bàbá Ògúndèyí bèèrè.

"Bàbá, òfin ní n kò gbọdọ̀ gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ṣé ó sọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé?"

Bàbá náà dáhùn pé, "N kò gbọ́ ọ níbẹ̀."

Ẹ̀yìnkùlé ló gbà. Ìkòkò ògbólógbòó tó ń mọ amọ̀ lé lórí wà níbẹ̀ bó ṣe fi í sílẹ̀. Ó ti rò pé amọ̀ tí wọ́n kó jọ sínú kòtò yóò ti gbẹ, yóò ti le bí òkúta. Ó ṣí ewé orí rẹ̀. Amọ̀ náà tutù, ó rọ̀, ó tó mọ.

"Èmi ni mò ń bu omi sí i."

Dúródọlá dúró sẹ́yìn rẹ̀. Àwẹ̀ró yíjú padà.

"Ẹ ò sọ pé kí n bu omi sí i," ni ọmọ náà wí, bí ẹni tó ń bẹ̀rù ìbáwí. "Ìkòkò lẹ ní kí n ṣọ́. Wọ́n wá gbé ìkòkò lọ. Mo ní kí wọ́n má gbé e."

Àwẹ̀ró gbá a mọ́ra títí ọmọ náà fi ní, "Màámi, ẹ ń fún mi." Lẹ́yìn náà ó da àpáàdì sínú odó, ó gún un kúnná, ó pò ó mọ́ amọ̀ tuntun. Ẹnikẹ́ni tó bá ti mọ ìkòkò rí mọ̀ pé àpáàdì gígún a máa ki amọ̀ láyà, kì í jẹ́ kó sán nínú iná. Ó tẹ́ ẹ lé ìdí ìkòkò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ó wá ku ìṣísẹ̀ kan.

Ibẹ̀ náà ni. Ilẹ̀ kan náà, igi kan náà, wákàtí kan náà lọ́sàn-án. Òógùn bò ó. Orúnkún ọ̀tún fẹ́ gan, ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ àlejò tó máa ń wá lójoojúmọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ fúyẹ́, fífúyẹ́ náà sì wúwo. Ó di ojú. Ó rántí ọjọ́ kìíní ní ọ̀nà, bó ṣe jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló máa ń gbé, kì í gbé méjì. Ó gbé ẹ̀yọ kan sẹ́yìn. Ó gbé èkejì. Amọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ń sunkún, ó ń rìn, ó ń kọ orin Àkànjí. Dúródọlá di etí aṣọ rẹ̀ mú, òun náà ń fi ẹ̀yìn rìn, ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́.

Nígbà tó dé ìyípo kẹta ni òye yé e. Ọ̀nà kò tán. Ó ti wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge.

"Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?" Ìyá Látúnjí yọ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó rí wọn. Ìgbálẹ̀ bọ́.

"Àwẹ̀ró, èmi ni mo fọ́ ọ o." Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú. "Wọ́n ní ìyá ilé ló gbọdọ̀ fọ́ ọ. Láti àárọ̀, n kò tíì lè fi ọwọ́ yìí gbé oúnjẹ sẹ́nu."

"Ẹ má wulẹ̀ bẹ̀ mí, ìyá mi. Èmi ni mo pẹ́."

"Ògúndèyí ní ibẹ̀ dùn mọ́ ọ."

"Ó dùn, ìyá mi. Ó dùn ju oyin lọ. Ẹsẹ̀ kò ro mí lọ́jọ́ kan."

"Wọ́n ń fún ọ lóúnjẹ?"

"Wọ́n tún fún mi ní yàrá."

"Kí ló wá dé tí o ò dúró síbẹ̀?"

Àwẹ̀ró kò dáwọ́ ìyípo rẹ̀ dúró. "Mo nílé," ló wí.

Ìyá Látúnjí gbójú sókè wo ọ̀run tí èéfín bò. Lẹ́yìn náà ó pariwo tó fi jẹ́ pé ojúlé mẹ́ta gbọ́ ọ: "Látúnjí! Látúnjí o! Jáde wá! Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kó tú aṣọ ọmọ tó dì! Sọ fún àwọn àgbà ìlú pé èmi ìyá rẹ ló wí pé àárò tí wọ́n ń mọ ìkòkò fún lọ́wọ́ kò tíì kú! Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó wá bá mi lẹ́yìnkùlé níbí!" Ó rọ ohùn sílẹ̀, ó bu omi sínú igbá, ó gbé e síbi tí ọwọ́ Àwẹ̀ró yóò ti máa tó o. "Rọra o. Ọrùn rẹ̀ ti fẹ́ fẹ̀ jù."

Kò sí ẹni tó wá bá a jiyàn, títí kan àwọn àgbà. Ọjọ́ mẹ́fà ni Àwẹ̀ró fi sùn lábẹ́ ahéré ẹ̀yìnkùlé, tí Látúnjí ń tẹ́ ẹní tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọyẹ́ gbẹ ìkòkò náà, wọ́n sun ún, kò sán. Lọ́jọ́ keje, Dúródọlá àti ìyá rẹ̀ gbé e yí ilé ká lọ síwájú, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà wọlé, wọ́n sì gbé e ka orí àárò, ojú rẹ̀ sókè, omi iṣu nínú rẹ̀. Iná tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò kú mọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé Àwẹ̀ró.

Àwọn kan bi Ìyá Látúnjí lẹ́yìn náà pé kí ló dé tí ìyàwó tí oyin ayé ti kán sí lẹ́nu ní ìlú Ìdóòkè fi tún padà wá. Ìdáhùn rẹ̀ kúrú, òun sì ni àwọn àgbà gbà lẹ́nu rẹ̀ tí wọ́n fi ń pa á lówe títí di òní, bí wọ́n bá rí ẹni tó pẹ́ lájò: "Àjò kì í dùn kí onílé má relé."